Olú etí igi: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yéé ṣe

Olú kan wà tó máa ń hù lára igi tó ti ń jẹrà, ó dúdú, ó rọ̀, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì rí bí etí èèyàn gan-an, Auricularia làwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe ìdílé ẹ̀. Òmíì tún wà tó funfun, tó ká jọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Tremella fuciformis nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló ṣeé jẹ, olú yẹn fúnra ẹ̀ ò ní májèlé, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ torí ọkàn àwọn èèyàn ti balẹ̀ jù. Omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí ló ń pààyàn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rà á, ó sì dìgbà tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ sómi kó tó wú. Ohun táwọn kan máa wá ṣe ni pé wọ́n á dà á sínú abọ́ omi lálẹ́, wọ́n á lọ sùn, ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ ṣíṣẹ́, ìgbà tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ sè é. Ẹ má dán an wò o! Bakitéríà kan wà tí wọ́n ń pè ní Burkholderia gladioli, tó bá ti rí oúnjẹ tómi wà nínú ẹ̀ nínú ilé tó móoru, ó lè máa pọ̀ sí i, kó sì máa tu oró kan tó ń jẹ́ bongkrekic acid síbẹ̀. Oró yìí ò ní kóòórùn, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ mọ̀. Àwọn kan á ní "ṣebí màá sè é dáadáa," ó tì o, iná lè pa bakitéríà yẹn àmọ́ kò lè pa oró tó ti tú sílẹ̀. Tó bá wọnú ara, kò ní jẹ́ kí agbára tí ara ń ṣe jáde síbi tó ti fẹ́ lò ó, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run èèyàn, á máa bì, òòyì á máa kọ́ ọ, ó tún lè ba ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sóògùn kankan tó ń pa oró ẹ̀. Ní October 2020, èèyàn mẹ́sàn-án nínú ẹbí kan ní Heilongjiang, ní Ṣáínà, ló tipa oró yìí kú, núdù àgbàdo kíkan ni wọ́n jẹ nígbà yẹn, àmọ́ olú tí wọ́n rẹ pẹ́ jù náà ti pààyàn lórílẹ̀-èdè yẹn.

Torí náà, ẹ rẹ ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa sè ní kíá. Omi gbígbóná á ti rọ̀ ọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó bá jẹ́ omi tútù, ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí méjì níta. Tọ́wọ́ yín bá dí, inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ sì sè é lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ti ń fà bí ikun tàbí tó ń rùn, ẹ dà á nù, ẹ má wulẹ̀ ṣàn án.

Àwọn míì ò ní sè é rárá, wọ́n á kàn rẹ ẹ́, wọ́n á gé e sínú sàláàdì. Ní 2020 yẹn náà, Salmonella, ìyẹn bakitéríà míì tó ń mú kí inú máa run èèyàn, tó wà lára olú yìí tí wọ́n kó wọ Amẹ́ríkà ní gbígbẹ mú èèyàn 55 ní ìpínlẹ̀ 12. Gbígbẹ tó gbẹ ò sọ pé ó mọ́. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ nínú sàláàdì, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lórí iná fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín in, ẹ gbẹ omi ara ẹ̀ dáadáa o, torí ó máa ń ta pàrà nínú epo gbígbóná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń já a lára igi, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ń yọ̀ lára igi lẹ máa kó sápò. Olú míì kan tó ń jẹ́ Bulgaria inquinans náà dúdú, ó ń hù lára igi óákù tó ti wó, tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ ra ojú ẹ̀, dúdú ẹ̀ á yí yín lọ́wọ́. Ẹ fi sílẹ̀. Àmọ́ pé kò yí yín lọ́wọ́ ò tíì sọ pé òun lẹ̀ ń wá, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ olú bá yín wò ó. Ẹ má sì já èyí tó hù lára pákó tí wọ́n ti kùn tàbí tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Ti àwọn tó ń jẹ ẹ́ bí oògùn ló ń bí mi nínú jù, wọ́n á ní ó ń wẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọ́n á wá máa jẹ ẹ́ ní àjẹjù. Láti 1980 ni dókítà Dale Hammerschmidt ti kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine, ìyẹn ìwé ìròyìn àwọn dókítà, pé olú dúdú yìí máa ń jẹ́ kó ṣòro fún ẹ̀jẹ̀ láti dì. Ẹni tó bá ń lo warfarin, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà ẹ̀.

Ní ti funfun yẹn, èyí tó funfun báláú jù ni kẹ́ ẹ sá fún, àwọn oníṣòwò kan máa ń fi èéfín imí ọjọ́ (sulfur) sí i kó lè dán. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ ló dáa, ẹ gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá ti ta yín nímú, ẹ dá a padà fún wọn.