Bí mo ṣe fi ìgò bíà méjì kọ́ orin Herbie Hancock

Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé jáàsì ni mo ń kọ́ lóru, ojú tí wọ́n fi wò mí kò dáa. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jáàsì ládùúgbò wa. Mo ní, "Mọ́mì, orin ni o, kì í ṣe oògùn." Wọ́n ní, "Orin kẹ̀? Ìgò wo wá ni o ń fẹnu fọn láti àná?"

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní kíbọ́ọ̀dù ló pé 60 ọdún. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kéèkì, àwọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki àwọn. Ohun tí wọ́n bèèrè ni kí àwa ọmọ iṣẹ́ wọn lu orin méjì fún wọn nínú Head Hunters, àwo tí Herbie Hancock, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tẹ dùùrù jáàsì, gbé jáde ní 1973. Orin mẹ́rin péré ló wà nínú àwo náà. "Chameleon" tó ṣáájú nìkan ju ìṣẹ́jú 15 lọ.

Kí ọkùnrin yìí tó ṣe àwo náà, ó ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Mwandishi, tí orin wọn máa ń fò lọ sójú ọ̀run. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun ti pẹ́ jù lókè, pé òun fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó tú ẹgbẹ́ náà ká, ó mú Bennie Maupin tó ń fọn fèrè nìkan dání, ó sì wá Paul Jackson fún béèsì, Harvey Mason fún ìlù àti Bill Summers fún àwọn nǹkan tí à ń fọwọ́ lù. Ènìyàn márùn-ún. Kò sí onígìtá láàárín wọn. Clavinet, dùùrù oníná tó ń dún jákájáká bí okùn gìtá, ló rọ́pò rẹ̀. Àwa náà kó ènìyàn márùn-ún jọ.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Mo ki íàpíìsì bọ etí, mo ń gbọ́ ohun èlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo ń kọ ohun tí mo gbọ́ sínú ìwé. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Nígbà tí mo wo orúkọ àwọn ohun tí Summers lù, mo rí shekere, mo tún rí agogô, tí wọ́n dé fìlà sí "o" ìkẹyìn rẹ̀ lórí bí àwọn ará Brazil ṣe máa ń kọ ọ́. Agogo wa ni. Ẹ wo ibi tó gbà dé San Francisco.

Ìlà béèsì "Chameleon" ni gbogbo ayé mọ̀. Kọ́ọ̀dù méjì péré ló dúró lé, B♭m7 àti E♭7. Á gun nóòtì G, A♭, A, á balẹ̀ sórí B♭. Á tún gun C, D♭, D, á balẹ̀ sórí E♭. Kò le láti mọ̀, àmọ́ àwa tí à ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ká má tan ara wa jẹ, transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sísàlẹ̀, ló ń gbà wá. Key yòówù kí akọrin mú, C la máa tẹ̀, ẹ̀rọ á bá wa ṣe ìyókù. Mo búra pé mi ò ní tẹ bọ́tìnnì yẹn lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìka mi fi ń yọ̀ lórí àwọn dúdú ojú kíbọ́ọ̀dù.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ ní rìhásà. Lórí àwo, Herbie fúnra rẹ̀ ló fi synthesizer tí wọ́n ń pè ní ARP Odyssey tẹ ìlà béèsì yẹn. Ọmọ tó ń ta gìtá béèsì wa sọ ọ́ kalẹ̀: "Bọ̀dá, ẹ ti gba iṣẹ́ mi. Kí ni kí n wá máa ṣe?" Mo ní kó gbọ́ ohun tí Paul Jackson ṣe: ó gun òkè ọrùn béèsì lọ, ó ń ta á wẹ́wẹ́ bí ẹni ń ta gìtá. Kò fẹ́. Ó ní béèsì kì í gbé òkè. Ọjọ́ tó gbìyànjú rẹ̀, tó rí i pé òun ni àwọn ènìyàn ń yíjú wò, ó dákẹ́.

"Watermelon Man" ló gba ìgò. Orin àtijọ́ ni, ó ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1962. Ọkùnrin kan tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kiri wọ́tàmẹ́lọ̀n ní Chicago nígbà èwe rẹ̀ ló ń rántí, àti bí àwọn obìnrin ṣe máa ń ké pè é. Ní 1973 ó fọ́ orin náà tún ṣe. Bill Summers mú ìgò bíà, ó fọn ún bí àwọn Ba-Benzélé inú igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ṣe ń fọn fèrè wọn tí kò ní ju ohùn kan lọ: á fọn ín lẹ́ẹ̀kan, á fi ọ̀fun dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Ìgò tó ṣófo, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù. Bí omi bá ṣe ń pọ̀ nínú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń dín kù, tí ohùn ń gòkè. Mo ń da píọ̀ wọ́tà sí i lẹ́kán-ún-lẹ́kán-ún, mo ń tẹ F lórí kíbọ́ọ̀dù, mo ń fọn. Bó bá kọjá, màá da díẹ̀ nù. Nígbà tó bá a mu, mo fi ṣẹ́lótéèpù sàmì síbi tí omi dé. Èkejì, mo gbé e sí E♭. Ọmọ tó ń fọn fèrè àti èyí tó ń lu ìlù ló pín wọn mú. Òòyì kọ́ onífèrè lẹ́ẹ̀mejì, a ní kó jókòó fọn ún.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, kíbọ́ọ̀dù ilé tí a lò ni mo tẹ̀. A dán an wò kí àwọn àlejò tó dé. Ìgò bẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, béèsì wọlé, ó ń dùn. Mo fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ dàrú. Mo ní omi ìgò ti yẹ̀. Mo ń dà á nù, mo ń rọ òmíràn sí i, òógùn bò mí. Àǹtí tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló na ìka sí ojú kíbọ́ọ̀dù: +1. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ló fi transpose sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí ní, "Ìgò ò ní bọ́tìnnì o."

A lù ú. Kò pé, mo ṣi E♭ lẹ́ẹ̀kan nínú "Chameleon", ọ̀gá sì gbọ́ ọ, mo rí i lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a parí tí wọ́n dìde wá bá wa, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni ta ló mu bíà inú ìgò méjèèjì.