Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Agbára Ẹni Mọ Kí A Tó Wọ Rẹ́sídẹ́ǹsì Ìpoògùn ní Amẹ́ríkà

Rẹ́sídẹ́ǹsì ìpoògùn ni iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí apoògùn sábà máa ń ṣe ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá gba PharmD, oyè ìmọ̀ ìpoògùn, ní Amẹ́ríkà, tó sì yege ìdánwò ìwé àṣẹ, lè di apoògùn láìṣe rẹ́sídẹ́ǹsì rárá. Ọdún kan ni PGY1, ìpele àkọ́kọ́ rẹ́sídẹ́ǹsì. PGY2, fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀ka kan pàtó bí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tún jẹ́ ọdún kan lé e. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni agbára mi ò ká, kí ni mi ò tíì mọ̀, èwo nínú wọn ló ṣeé tún ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀? Àfi kó tètè bi í, nítorí pé Match, ètò tó ń pín àwọn tó ń wá àyè sí ilé ìwòsàn, ní agbára àdéhùn. Ibi tó bá gbé ọ sí, o ti gbà láti lọ nìyẹn.

Bẹ̀rẹ̀ látorí wákàtí. ASHP, ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí àwọn ètò yìí, ní kí iṣẹ́ má ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, tí a bá pín in lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Iṣẹ́ àfikún tó o bá ń ṣe nítorí owó wà nínú 80 yẹn. Ìwé kíkà nílé kò sí níbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sì í rántí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 168. Yọ 80 fún ọ̀sẹ̀ tó bá le jù, yọ 49 fún oorun wákàtí méje lálẹ́, ó ku 39. Bó o bá ń kàwé wákàtí méjì lójoojúmọ́, 25 ló ṣẹ́ kù fún oúnjẹ, ọ̀nà, ọmọ àti àdúrà. Kọ orúkọ àwọn tó gbára lé ọ síwájú 25 yìí. Bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan ló ń tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn, ètò tó wà nítòsí ilé ni kó o wá, kó o sì béèrè iye ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ń fúnni kí wọ́n tó sún ọjọ́ ìparí síwájú.

Owó tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ń san kì í sábà tó ìdajì owó oṣù apoògùn. Kọ owó ilé, gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ àti owó tó ò ń fi ránṣẹ́ sílé sílẹ̀. Má fi iṣẹ́ àfikún kún un, torí àwọn ètò kan kì í gbà á láyè.

Ní ti ìmọ̀, ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti ń tan ara rẹ̀ jẹ. Kó gbogbo àyẹ̀wò tí àwọn olùkọ́ kọ nípa rẹ nígbà APPE, iṣẹ́ àkọ́ṣe ọdún ìkẹyìn, sójú kan. Fàlà sábẹ́ àléébù tó bá jáde láti ọwọ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹnì kan bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ èrò tirẹ̀. Tí ẹni méjì bá sọ ọ́, gbà pé òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà, dán ara rẹ wò láìṣí fóònù. Ìyá àgbà kan jẹ́ ẹni ọdún 70, ó wọn kílò 60, creatinine rẹ̀ (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń yọ) jẹ́ 1.0 mg/dL, ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé (atrial fibrillation), dókítà sì kọ rivaroxaban, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, míligíráàmù 20 fún un. Lo ìlànà Cockcroft-Gault, tó ń díwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń yọ creatinine kúrò (creatinine clearance): yọ 70 kúrò nínú 140, sọ ọ́ di ìlọ́po 60, fi 72 tá a sọ di ìlọ́po creatinine rẹ̀ pín in, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po 0.85 torí pé obìnrin ni. Ó já sí bíi 49.6. Tí kò bá ti ju 50 lọ, míligíráàmù 15 ló yẹ kó lò. Ẹni tó gbàgbé 0.85 á rí 58, á jẹ́ kí 20 kọjá, ẹ̀jẹ̀ ìyá náà sì lè máa dà.

Wo irú ibi tó o ti kọsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlànà lo gbàgbé, ìwé kíkà á wò ó sàn. Bí o bá rí àṣìṣe náà, àmọ́ tí ẹnu rẹ ò gbà á láti sọ fún dókítà, ìyẹn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n tọ́ pé kó má já àgbà níyàn mọ ohun tí mò ń sọ. Fi gbólóhùn kúkúrú kọ́ra títí yóò fi mọ́ ọ lẹ́nu: ohun tó o rí, ohun tó o dábàá, àti ìbéèrè. “Dókítà, creatinine clearance rẹ̀ kò tó 50. Mo dábàá 15. Ṣé kí n yí i padà?”

Ẹni tó kàwé ní Ìfẹ̀, Ìbàdàn tàbí Èkó ní òdiwọ̀n míì. Ó gbọ́dọ̀ gba FPGEC, ìwé ẹ̀rí fún apoògùn tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè, lọ́wọ́ NABP, àjọ àwọn ìgbìmọ̀ ìpoògùn Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìdánwò FPGEE lórí ìmọ̀ ìpoògùn àti ti èdè Gẹ̀ẹ́sì bíi TOEFL, kó tó kan NAPLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ. ASHP gba ìwé yìí, àmọ́ ètò kọ̀ọ̀kan lè kọ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣe físà fúnni. Wádìí èyí kó o tó sanwó. Ẹni yòówù kó jẹ́, ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọdún náà ló gbọ́dọ̀ fi ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́.

Má fi àléébù pa mọ́ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Fọ́ọ̀mù PhORCAS, ojú òpó tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún rẹ́sídẹ́ǹsì, ní àyè tí ẹni tó kọ lẹ́tà fún ọ ti máa ń sọ ibi tó yẹ kó o ti tẹ̀ síwájú, àwọn tó ń bi ọ́ léèrè sì ti kà á. Sọ àléébù tòótọ́, ohun tó o ti ṣe sí i, àti ohun tó ti yí padà.

Nígbà tó o bá ń to orúkọ ètò, yọ èyíkéyìí tí ìṣirò wákàtí àti owó rẹ kò gbà kúrò. Bí Phase I, ìpele àkọ́kọ́ Match, bá parí tí o ò rí àyè, tún ìṣirò náà wò kó o tó wọ Phase II, ìpele kejì. Ìpayà ló ń mú kéèyàn kọ ibi tó ti yọ kúrò tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé ṣe lọ́dún yìí, apoògùn tó bá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn fún ọdún mẹ́ta lè jókòó ṣe ìdánwò BCPS, ìwé ẹ̀rí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú fífi oògùn tọ́jú aláìsàn, láìṣe rẹ́sídẹ́ǹsì.