Láti Ìdí Dùùrù Dé Ọ̀pá Ìdarí: Bí A Ṣe Ń Di Olùdarí Òpèrà Lọ́nà Georg Solti

Ní ilé òpèrà (eré tí wọ́n ń fi orin ṣe) ní Budapest, olú ìlú Húngárì, láyé ìgbà yẹn, wọn kì í ṣàdédé gbé ọ̀pá ìdarí lé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ìdí dùùrù ni wọ́n máa ń fi í sí. Ọdún 1930 ni Georg Solti, ọmọ bíbí ìlú náà tó wá di olùdarí òpèrà olókìkí, débẹ̀ gẹ́gẹ́ bí répétiteur, ìyẹn ẹni tó ń tẹ dùùrù fáwọn akọrin títí wọ́n á fi mọ ipa wọn. Ó di 1938 kó tó darí òpèrà níbẹ̀, Le nozze di Figaro ti Mozart. Pé ó jẹ́ Júù wà lára ohun tó dá a dúró, àmọ́ ọdún mẹ́jọ náà kò lọ lásán.

Figaro kan náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé méjì lẹ máa rà: èyí tí wọ́n ti sọ ọ́kẹ́sírà di ipa dùùrù lábẹ́ ohùn akọrin, àti ìwé ńlá tí ipa ohun èlò kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ìwé ńlá tì ná. Ẹ máa tẹ dùùrù, kí ẹnu yín sì máa kọ ohùn gbogbo akọrin, ti ọkùnrin ti obìnrin, bí ohùn yín tiẹ̀ há. Bí ìka kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ fo ohùn àárín. Ẹ má fi báàsì sílẹ̀ láé, orí rẹ̀ ni akọrin dúró lé. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Ítálì sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí akọrin ti ń mí.

Ẹ̀yin tó jẹ́ sọ́fà (dó, ré, mí) ti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ mọ̀, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Zoltán Kodály, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ Solti ní ilé ẹ̀kọ́ orin Liszt, gba ìlànà sọ́fà tí John Curwen tàn kálẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé ẹ̀kọ́ Húngárì. Etí tó bá ti mọ̀ pé dó lè ṣí kúrò níbi tó wà kò ní pẹ́ mọ iṣẹ́ tó kàn.

Iṣẹ́ náà ni ìwé ńlá. Ìró C tó wà lójú ìwé clarinet B♭ (irú fèrè kan), B♭ ló máa dún; ti clarinet A, A ló máa dún. Ibí lojú ti ń ti ọ̀pọ̀ níwájú ọ́kẹ́sírà: wọ́n béèrè C, B♭ jáde, wọ́n ní aláfọ̀nfèrè ló ṣì í. Ẹ máa sọ bóyá èyí tó wà lójú ìwé lẹ ń wí tàbí èyí tí etí ń gbọ́.

Ọ̀pá wá dọ́wọ́ yín. Ìjùwọ́ tó ṣáájú ìró àkọ́kọ́ ló ń sọ eré àti agbára orin fún wọn. Ẹ mí sínú pẹ̀lú rẹ̀. Orin ìṣíde Figaro yára: ìlù (ìyẹn kíkà) mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n kọ ọ́, méjì-méjì ni kí ẹ fi ọwọ́ jù ú, torí mẹ́rin á mú apá rẹ̀ yín, orin á sì wúwo. Bí ọwọ́ bá sì tóbi jù, ìró á pẹ́, ọ̀nà orí ọ̀pá ti jìn. (Solti fúnra rẹ̀ máa ń ju apá bí ẹni ń jà. Ẹ má wo tirẹ̀.)

Ibi tó le jù ni ibi tí akọrin ti ń kọrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ (recitative). Bó bá jẹ́ dùùrù nìkan ló ń gbè é, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bí ọ́kẹ́sírà bá wà níbẹ̀, bí i ti “Hai già vinta la causa”, ẹ fi ọwọ́ kékeré ka ìlù tí kò ní ìró, kí ẹ wá ju èyí tó ní ìró kedere. Bí méjèèjì bá tóbi bákan náà, ẹnì kan á fọn fèrè sínú ìdákẹ́jẹ́.

Ní ti ipò, ẹ wá ibi tí ẹ óò ti máa darí lọ́pọ̀ alẹ́. Ogun Àgbáyé Kejì dá Solti dúró ní Swítsàlandì. Dùùrù náà ló tún gbà á, ó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní ìdíje Geneva lọ́dún 1942. Lẹ́yìn náà ló darí ilé òpèrà Munich, 1946 sí 1952, níbi tó ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ òpèrà bó ṣe ń darí wọn. Frankfurt títí di 1961. Covent Garden, ilé òpèrà ní London, títí di 1971. Chicago, níbi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn jù lórí ọ́kẹ́sírà, 1969 ló débẹ̀, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún.