Bí mo ṣe fi ìdajì ọjọ́ wo Bangkok pẹ̀lú amọ̀nà tèmi nìkan

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìdajì ọjọ́ wo Bangkok, olú ìlú Thailand, amọ̀nà ni kí ẹ sanwó fún, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń mú àlejò káàkiri ìlú náà ló máa ń ta méjèèjì pa pọ̀: mọ́tò tútù nini tí yóò wá gbé yín ní òtẹ́ẹ̀lì, àti ẹni tí yóò máa ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta tí mo tò sílẹ̀, ìyẹn Ààfin Ńlá, tẹ́ḿpìlì Wat Pho àti tẹ́ḿpìlì Wat Arun, etí odò Chao Phraya kan náà ni gbogbo wọn wà. Láti ààfin dé Wat Pho, ẹsẹ̀ ló yá jù. Wat Arun wà ní òdìkejì omi, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò sọdá ń gba 5 baht (owó Thailand) péré, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń ná. Mọ́tò tó bá fẹ́ dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wá afárá lọ, kó wọnú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Àwọn ará Èkó mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìwé ìrìnnà ni mo kọ́kọ́ tò. Ẹni tó bá mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kúrò nílé, kódà bó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ jáde wo ìlú láàárín ọkọ̀ òfurufú méjì ni. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní yellow card, ṣe pàtàkì bákan náà, torí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ní páásípọ́ọ̀tù Bírítéènì tàbí ti Amẹ́ríkà kì í gba físà fún ìbẹ̀wò kúkúrú. Ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, gbogbo àlejò ló gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìwọlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní TDAC láàárín ọjọ́ mẹ́ta kó tó gúnlẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ìkànnì tó bá ní kí ẹ sanwó fún un, ẹ pa á dé, kì í ṣe ti ìjọba. Bí ẹ bá ń mu sìgá oníbátìrì, ẹ fi sílẹ̀ nílé: òfin Thailand kò gbà á láàyè rárá.

Nígbà tí mo ń yan amọ̀nà, ohun mẹ́rin ni mo bi wọ́n kí n tó san kọ́bọ̀. Àkọ́kọ́, ṣé ó ní ìwé àṣẹ? Ní Thailand, ọmọ ìlú nìkan ni òfin gbà láàyè láti ṣe iṣẹ́ amọ̀nà, wọ́n sì ní káàdì tí ìjọba fún wọn, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn. Òyìnbó tàbí aláwọ̀ dúdú tó bá ní òun á mú yín yí ká fún owó, ọlọ́pàá lè dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì, ọjọ́ á sì bàjẹ́. Èkejì, ṣé iye tí wọ́n dá wà fún gbogbo wa lápapọ̀, àbí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀kẹta, ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí kò kéré: ààfin ń gba 500 baht lọ́wọ́ àlejò, Wat Pho 300, Wat Arun 200. Ẹgbẹ̀rún kan baht nìyẹn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Thailand kì í sanwó ìwọlé ní ààfin, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka amọ̀nà mọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin ni mo kọ sílẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́: a kò ní yà sí ṣọ́ọ̀bù kankan. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ń ta òkúta iyebíye àtàwọn télọ̀ máa ń fún ẹni tó bá kó àlejò wá ní owó. Ìrìn tó bá dín owó ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èrè rẹ̀, wákàtí yín ni wọ́n á sì fi san án.

Aṣọ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà lẹ́nu géètì ààfin. Èjìká gbọ́dọ̀ bò, orúnkún gbọ́dọ̀ bò. Ṣòkòtò péńpé, aṣọ tí kò lápá, ṣòkòtò tó ya àti lẹ́gìnnì tó fún mọ́ ara, kò sí èyí tó máa kọjá. Kí obìnrin da ìborùn lé èjìká kò tó. Aṣọ tó ní apá ni wọ́n fẹ́. Bùbá àti ìró ti bá òfin náà mu láìwá ìrànlọ́wọ́, bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àǹkárá tàbí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí oòrùn ibẹ̀ kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Léèsì á há yín mọ́ra. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́, torí ẹ ó bọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ sì mú ìbọ̀sẹ̀ sápò. Ilẹ̀ òkúta tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ lè jó àtẹ́lẹsẹ̀.

Mo wọ rélùwéè wọ ìlú. Láti pápákọ̀ òfurufú Suvarnabhumi, ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀ ń gba 35 baht dé Makkasan. Ẹ ó rìn díẹ̀ lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Phetchaburi, ẹ ó sì wọ MRT, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà, ní ìlà aláwọ̀ búlúù títí dé Sanam Chai. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra. Ní MRT, ẹ lè fi káàdì báńkì tẹ ẹnu ọ̀nà bó bá jẹ́ èyí tí kò nílò kí a kì í bọ ẹ̀rọ. Sanam Chai ni mo ní kí amọ̀nà ti pàdé mi dípò òtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ sún mọ́ Wat Pho gan-an, ibùdókọ̀ fúnra rẹ̀ sì tó wò, wọ́n ṣe inú rẹ̀ bí gbọ̀ngàn ààfin. Ní ti owó, àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní pápákọ̀, nítòsí rélùwéè, ń fúnni ní iye tó dára ju ti òkè lọ. Ẹ mú 100 dọ́là tó mọ́ tónítóní; owó wẹ́wẹ́ máa ń gba iye tó kéré. Ẹ̀rọ ATM ń yọ ohun tó lé ní 200 baht lórí ẹ̀ẹ̀kan tí àlejò bá gbowó, nítorí náà ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ ni ààfin ń ṣí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bó bá fi máa di aago mẹ́wàá, àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá ti já èrò sílẹ̀, oòrùn ti mú, ẹ kò sì ní ráyè dúró níwájú ohunkóhun. Mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n ń ṣíwọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́bàá ògiri lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan tó múra dáadáa lè kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín, á ní ààfin ti pa lónìí nítorí ọdún ẹ̀sìn, àmọ́ òun mọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí yóò gbé yín yí ìlú ká fún 20 baht. Gbájúẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ àwọn olókùúta iyebíye yẹn náà ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹ rìn dé ẹnubodè Wiset Chai Si kí ẹ fojú ara yín rí i. Lóòótọ́, wọ́n máa ń ti apá kan bí ayẹyẹ ọba bá wà, ṣùgbọ́n ìkànnì ààfin ni wọ́n ti ń kéde ìyẹn, kì í ṣe ojú títì.

Ọdún 1782 ni Ọba Rama Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin náà, nígbà tó gbé olú ìlú kúrò ní Thonburi ní òdìkejì odò. Ọba kì í gbé ibẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni tẹ́ḿpìlì Wat Phra Kaew wà, níbi tí Búddà kékeré aláwọ̀ ewé tí gbogbo ayé ń pè ní ti émérálì jókòó sí. Kì í ṣe émérálì. Òkúta tó jọ jéèdì ni, gíga rẹ̀ kò ju 66 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì wà lókè téńté débi pé ẹni tí a kò bá tọ́ka fún á máa wá a. Ẹ̀wù wúrà mẹ́ta ló ní, ti ìgbà ooru, ti ìgbà òjò àti ti ìgbà òtútù, ọba fúnra rẹ̀ ló sì ń bá a pààrọ̀ wọn. Rama Kìíní ló ṣe méjì, Rama Kẹta fi ti òtútù kún un. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ ṣí fìlà, ẹ má ya fọ́tò nínú ilé yẹn rárá. Bí ẹ bá jókòó sílẹ̀, ẹ ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjú sí ère.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá ni mo ní kí amọ̀nà dúró sí pẹ́ jù: ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí tẹ́ḿpìlì náà ká. Àwòrán 178 ló wà lára rẹ̀, wọ́n sọ ìtàn Ramakien láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn Ramayana, ìtàn akọni àtayébáyé ti Íńdíà, tí àwọn ará Thailand ti sọ di tiwọn. Ẹ sún mọ́ ọn. Adé àti ìhámọ́ra àwọn akọni, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Hanuman, ọ̀bọ funfun, wà nínú ìjà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ẹ ó rí àwọn ará ìlú lásán tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn bí ẹni pé ogun kan kò sí lókè orí wọn. Láìsí ẹni tó mọ ìtàn náà, ògiri aláràbarà lásán lẹ ó rí. Nítorí èyí ni mo ṣe ní ẹ fowó mọ́tò san amọ̀nà. Ẹ fún ààfin ní wákàtí méjì. Chakri Maha Prasat, gbọ̀ngàn tí ara rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù tí òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ ti Thailand, ìta nìkan lẹ ó ti wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

Wat Pho kò le tó bẹ́ẹ̀. Búddà tó nà gbalaja níbẹ̀ gùn ní mítà 46, ó ga ní mítà 15; bíríkì ni inú rẹ̀, wúrà ló bo ìta. Ilé tí wọ́n kọ́ lé e lórí fún mọ́ ọn, kò sí ibi tí ẹ ti lè ya gbogbo rẹ̀ tán láti ẹ̀gbẹ́. Ibi ẹsẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ìkarahun dídán ṣe àmì 108 sí. Lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ idẹ 108 wà ní ìlà. Ẹ ra owó wẹ́wẹ́ 20 baht, ẹ máa jù ú sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ère òkúta ńlá ará Ṣáínà tó wà lẹ́nu géètì, inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n ti bá wọn wá, ẹrù tí wọ́n fi ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà fì. Ilé ẹ̀kọ́ ìfọwọ́ra ìbílẹ̀ wà nínú ọgbà náà, àwòrán ara èèyàn pẹ̀lú ibi tí a ń tẹ̀ sì wà lára màbù àwọn àgọ́ kéékèèké. Ẹ wò wọ́n, àmọ́ bí ìlà àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ra wọ́n bá gùn, ẹ fò ó. Ìta kún fún ibòmíràn.

Nítòsí èbúté Tha Tien ni mo ti jẹun kí n tó sọdá. Som tam, ìbẹ́pẹ dúdú tí wọ́n gún pẹ̀lú ata, ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ẹja nínú odó, lè ya ẹni tó gbójú lé ata rodo lẹ́nu. "Mai phet" ni kí ẹ sọ bí ẹ kò bá fẹ́ kó ta.

Wat Arun ga, wọ́n sì fi àfọ́kù àwo tánganran tò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òdòdó kọ̀ọ̀kan jẹ́ àpapọ̀ àfọ́kù tí a gé. Ẹ fọwọ́ kan an kí ẹ rí i. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró gan-an bí àkàbà. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ ojú sí ògiri, ẹ di irin mú. Iwájú rẹ̀ kún fún àwọn tó yá aṣọ ọba Thailand láti fi ya fọ́tò, nítorí náà ẹ yí sí ẹ̀yìn, ibẹ̀ fúyẹ́.

Bí àkókò bá ṣẹ́kù, ẹ lè gba ọkọ̀ ojú omi onírù gígùn wọ àwọn odò tí wọ́n gbẹ́ ní Thonburi. Ọkọ̀ lẹ ń san fún, kì í ṣe orí, ó sì lè ju 1,000 baht lọ fún wákàtí kan. Kí amọ̀nà bá yín fẹnu kò lórí iye, iye àkókò àti ibi tí wọ́n á ti já yín sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún ibodè omi: bí wọ́n bá ti í, ẹ ó dúró de kí omi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, ìṣẹ́jú yẹn sì ń wọnú owó yín. Àárín ni kí ẹ jókòó sí. Àwọn tó wà níwájú ni omi ń ta sí lára.

Ẹ má padà sọdá. Láti Wat Arun, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ MRT Itsaraphap, kò jìnnà. Ọkọ̀ náà gba abẹ́ odò padà sí Sanam Chai, ó sì ń lọ tààrà sí Phetchaburi fún ẹni tó ń padà sí pápákọ̀. Fífún amọ̀nà ní ẹ̀bùn lé owó iṣẹ́ rẹ̀ kò pọn dandan. Mo fún tèmi ní ibi géètì Itsaraphap, torí kò ní bá mi wọlé.