Omi wọ ọ́fíìsì lọ́yà: kí la ó kọ́kọ́ gbé?

Lọ́kọ́jà ni Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ìdí nìyẹn tí àkúnya omi 2012 àti ti 2022 fi bá wọn jà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Kábà, Ìyàrá àti Ìsánlú, ìjì ló ń ká páànù, òjò á wá parí èyí tó kù. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, àwọn lọ́yà sì pọ̀ nínú oníbàárà mi. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí nìyí.

Ọ̀gá ẹlẹ́kọ̀ǹpútà, okun o. Láptọ́ọ̀pù mi mu omi, mo ti sá a sóòrùn. Ṣé kí n tàn án wò?

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tàn án. Omi nìkan kì í tètè pa á, àfi tí iná bá bá omi níbẹ̀. Ẹ yọ wáyà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣeé yọ. Ìrẹsì tí wọ́n ní kí ẹ rì í sí, ẹ sè é jẹ. Iṣẹ́ yín tó wà nínú hard disk la fẹ́ gbà là, láptọ́ọ̀pù ṣeé rà. Tí omi ẹlẹ́rẹ̀ bá wọ hard disk, ẹ má ṣí i, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ, torí ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ ọn lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ dì í sínú ọ̀rá bó ṣe tutù yẹn, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń yọ iṣẹ́ jáde nínú hard disk tó bàjẹ́. Èmi ò ṣe ìyẹn o.

Àwọn fáìlì bébà ńkọ́? Wọ́n ti lẹ̀ pọ̀.

Lọ́yà kan kó tirẹ̀ dé inú àpò ìrẹsì. Ó ti ń fi èékánná ya wọ́n láti òwúrọ̀, àwọn ibi tí wọ́n fọwọ́ sí ló sì ń bá èékánná rẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ díẹ̀ ná. Ìbòji ni kó wà, lábẹ́ fáànù, kì í ṣe oòrùn. Ẹ fi bébà funfun sáàárín ojú ewé, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu, nítorí náà ẹni tí fáìlì rẹ̀ pọ̀ lè kó ìyókù sínú fírísà títí yóò fi kàn wọ́n, bí iná bá gbà fún un.

Ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíì lè dúró. Bí ojú ewé kan bá ti ṣeé ṣí, ẹ fi fóònù yà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; Google Drive orí Android ní ibi tí wọ́n ti ń skáànì, ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó ti bà jẹ́ pátápátá ńkọ́? Dáyárì mi gan-an bá a lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ da ọjọ́ ẹjọ́ yín kọ, kí ẹ bèèrè CTC, ìyẹn ẹ̀dà tí kóòtù jẹ́rìí sí, fún àwọn ìwé tí ẹ ti fáìlì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá lọ́yà ìhà kejì, oníbàárà yín, àti ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ yẹ ìmeèlì tí ẹ ti fi ránṣẹ́ wò, ẹ yẹ WhatsApp náà wò. Ìwé tí ẹ rò pé ó ti rì lè wà nínú fóònù ẹlòmíì.

Mi ò kọ́ òfin, àwọn oníbàárà mi ló kọ́ mi pé abala 89 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 gba ẹ̀dà láyè bí ojúlówó bá ti bàjẹ́ tàbí sọnù, àmọ́ èyí tó sọnù, ẹ gbọ́dọ̀ ti wá a tán. Abala 84 ló sì ń bójú tó ohun tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò òkìtì tó bàjẹ́ náà kí ẹ tó dà á nù, kó lè jẹ́ ẹ̀rí pé ojúlówó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí.

Fóònù mi lọ, ìmeèlì mi ò ṣí mọ́.

Ẹ gba síìmù yín padà pẹ̀lú NIN ná. Nọ́ńbà yẹn ni kóòdù máa wọlé sí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ò dára. Báwo ni mo ṣe máa kó àwọn fáìlì mi sí cloud, ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn?

Òru ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, àwọn tí ẹjọ́ wọn ṣì ń lọ ni kó ṣíwájú. Google ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ìwé lásán. Ẹ fi páswọ́ọ̀dù ti ohun gbogbo, torí àṣírí oníbàárà ni. Fláàṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, omi kan náà ló máa gbé méjèèjì. Lọ́yà kan láti Adankolo ní Lọ́kọ́jà gbé hard disk kejì rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kábà. Inú àpótí aṣọ òkè màmá ni wọ́n fi í sí. Lóṣooṣù, ó máa ń ní kí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí a ṣí fáìlì kan wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.