Bí mo ṣe fi ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ tèmi

Odidi ọdún 3 ni mo fi ń lo páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára. Èèyàn á tẹ́ ẹ lé aṣọ, á fi ẹ̀kọ làfún tí kì í jẹ́ kí aró mu aṣọ pa á lórí, á ká a kúrò, ó parí. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ló ń lo páànù, àwọn obìnrin ló ń fi ìyẹ́ yà. Èmi obìnrin, páànù ni mo sá dì. Olùkọ́ kan ló gbé àwòrán mi sókè ní kíláàsì nígbà kan, tí gbogbo ọmọ fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ọwọ́ mi ò mọ nǹkan yà.

Mo sọ ọ́ fún ìyá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìtòkú. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ki ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, wọ́n fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ sórí àkísà funfun, wọ́n tì í bọ omi, wọ́n fọwọ́ ra á. Ìlà pa rẹ́.

"Ṣé o rí i? Aró ni kò ṣeé fọ̀ nù. Tí ẹ̀kọ ò bá wù ọ́, fọ̀ ọ́, kó o tún un yà."

Àyà mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Lálẹ́, mo fi làfún àti álọ́ọ̀mù díẹ̀ se ẹ̀kọ, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ kí kókó má bàa wà nínú rẹ̀. Tó bá ṣàn jù, ìlà á fẹ̀. Tó bá ki jù, ìyẹ́ á máa fò ó. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ohun tí mò ń rí lẹ́nu ọ̀nà wa lójoojúmọ́ ni mo yà: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, látìdí Olúmọ wá sísàlẹ̀. Òrùlé àkọ́kọ́ wọ́, mo fọ̀ ọ́. Ìkejì náà wọ́, àmọ́ mo fi í sílẹ̀, torí bí òrùlé àdúgbò wa ṣe rí gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹ́ ń sáré lọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀kọ gbẹ, a rì í sínú ìkòkò aró. Ó jáde ní àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó di aró lójú wa. A rì í léraléra kó tó dú dáadáa. Mo ha ẹ̀kọ kúrò, àwọn òrùlé mi sì yọ, ní funfun.

Ìyá fi èékánná tọ ìlà kan. "Ilé ta nìyí?"

"Tiwa ni, mà."

Wọ́n fi kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan bi mí pé níbo lòun ti lè rí páànù ọnà yìí rà. Mo ní kò ní páànù, ọwọ́ mi ni mo fi yà á.