Ọmọ yín tó ń sáré fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn? Bí ẹ ṣe máa múra sílẹ̀ rèé

Àwọn òbí tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ scoliosis, ìyẹn ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́, ti wá pọ̀, torí tíṣà géèmù ni mí l'Adó-Èkìtì níbí, àwa la sì sábà máa ń kọ́kọ́ rí i nígbà tí a bá ní kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mi ò kì í ṣe dókítà o. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọmọ yín ló láṣẹ lórí ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti inú ilé, ti ilé ìwé àti ti pápá, níbi tí dókítà ò ní sí lọ́dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ohun tí scoliosis jẹ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn ló wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì tún lọ́. Tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ tí ẹ dúró lẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa rí i pé egungun ìhà ẹ̀gbẹ́ kan yọ gọngọ ju ti ìkejì lọ. X-ray ni wọ́n fi ń wọn ọ́n ní dígírì: láti 10 lọ sókè ni wọ́n ń pè ní scoliosis, tó bá wà láàárín bíi 25 sí 45 tí ọmọ ṣì ń ga, bírésì, ìyẹn ohun líle tí wọ́n ń dè mọ́ ara láti gbé ẹ̀yìn ró, ni wọ́n sábà máa ń ní kó wọ̀ kó má bàa burú sí i, tó bá ti kọjá 45 tàbí 50 wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọ tó ń bàlágà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Báàgì ìwé ò fà á, garawa omi ò fà á, eré sísá ò fà á, ayé náà kọ́ ló ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín jà. Ẹ má sì gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun pé kí wọ́n fà á kó tọ́, ẹ̀yìn kì í ṣe apá tó yẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sábà máa ń ṣe, wọ́n á la ẹ̀yìn, wọ́n á fi síkúrúù sára àwọn egungun tó wọ́, wọ́n á fi irin méjì tò wọ́n kó tọ́ dé ibi tó lè tọ́ dé, wọ́n á wá kó egungun wẹ́wẹ́ sí i kí gbogbo ẹ̀ lè so di ọ̀kan. Irin yẹn dà bíi pákó tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn dúró títí kọnkéré á fi gan, àyàfi pé àwọn dókítà kì í sábà yọ tiwọn mọ́. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù nìyí: ìrora máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ egungun máa ń lo bíi oṣù 6 sí 12 kó tó so le dáadáa. Ọmọ tó bá ti ń ṣe eré ìdárayá ara ẹ̀ máa ń tètè yá, á sì rò pé ó ti parí. Gbogbo ìmúra tí mo fẹ́ sọ, torí oṣù tí ara ti yá tí egungun ò tíì so yẹn ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà eegun ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni, yálà ti ìjọba àpapọ̀ tó wà n'Ìdó-Èkìtì tàbí ti ìpínlẹ̀ tó wà l'Adó. Kì í ṣe gbogbo dókítà eegun ló ń ṣe ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ má bínú tí wọ́n bá kọ lẹ́tà lé yín lọ́wọ́ pé kẹ́ ẹ lọ síbòmíì bí ilé ìwòsàn eegun Igbóbì l'Ékòó. Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé kẹ́ ẹ tó wọlé, torí tẹ́ ẹ bá ti jókòó síwájú dókítà gbogbo ẹ̀ á fò lórí. Ẹ bi í pé láti egungun wo dé egungun wo ló fẹ́ so pọ̀, torí bó bá ṣe wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tó ni títẹ̀ ara á ṣe dínkù tó, ọmọ tó ń sáré lè má fura rárá, àmọ́ ti ẹni tó ń fò sókè tàbí tó ń ṣe jimnásíìkì ọ̀rọ̀ míì ni. Ẹ bi í bóyá wọ́n máa fi ẹ̀rọ ṣọ́ iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn nígbà iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi í iye ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wà nílẹ̀ àti àwọn tó lè fi í sílẹ̀ nínú ẹbí. Jẹ́nótáìpù ọmọ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ dá yín lójú, ẹ má gbé ti inú fọ́ọ̀mù ilé ìwé fún wọn, ẹ tún un ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa mú ọjọ́, họlidé ńlá ló dáa jù, ìparí Júláì sí Ògọ́ọ̀sì. Tí ọmọ bá wà ní SS3 ẹ má fi sí ìtòsí WAEC rárá, torí ìjókòó wákàtí mẹ́ta lórí àga onípákó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyà ni.

Tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ọmọ má jókòó tẹtẹrẹ o. Tí dókítà ò bá ti kọ̀ fún un, kó máa sáré ẹ̀ nìṣó, torí ara tó le ló ń tètè dìde. Ohun méjì ni màá fi kún un. Àkọ́kọ́, kó máa jókòó kó sì dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkankan, ẹ̀yìn ní tààrà, torí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ itan ló máa fi ṣe gbogbo ohun tó ń fi ẹ̀yìn ṣe tẹ́lẹ̀. Ìkejì, mímí kanlẹ̀: kó fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, kó dúró, kó tú u jáde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́, torí nígbà tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún kò ní fẹ́ mí dáadáa, àyà sì lè dí.

Ẹ tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì kó tó dọ́jọ́ náà. Kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó ká orúnkún méjèèjì sókè, kó fi apá méjèèjì ká àyà, kó wá yí gbogbo ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí èjìká àti ìbàdí jọ lọ pọ̀, kí ọ̀kan má ṣáájú èkejì. Tó bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, kó fọwọ́ ti ara ẹ̀ sókè lásìkò kan náà tí ẹsẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹ fi aago ka àkókò ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìdíje láàárín òun àti àbúrò ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀, ẹ máa rí i pé kò rọrùn bó ṣe wà lórí ìwé. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n kó tó wọ tíátà kì í bẹ̀rù nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ní ó yá dìde lọ́jọ́ kejì.

Oúnjẹ: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹran, ẹ̀fọ́ dáadáa. Mo mọ̀ pé Èkìtì ni wá, iyán ò ní kọjá wa, kò sì burú, àmọ́ kí ẹja inú ọbẹ̀ pọ̀ kí òkèlè dínkù.

Oògùn ńkọ́, ibẹ̀ gan-an ni àwọn eléré ìdárayá ti máa ń ṣe ohun tí òbí ò mọ̀. Ìbúprófẹ̀n, díkílófẹ́nákì àti asipirín máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti dá, dókítà á sì sọ ìgbà tó yẹ kó dá wọn dúró, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ yẹ báàgì tó ń gbé lọ síbi ìdánrawò wò. Agbo, àlùbọ́sà àyù tí wọ́n rẹ sínú omi, páúdà tí wọ́n ń pò mu láti fi gbé iṣan, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ fún dókítà, ẹ má tijú, kò ní lù yín. Tí ó bá ní ibà, ikọ́, tàbí eéwo àti ìrorẹ́ tó ń ṣọyún lẹ́yìn, ẹ pè wọ́n kó tó dọjọ́, ó sàn kí wọ́n sún un síwájú ju kí kòkòrò àrùn lọ bá irin nínú.

Ẹ tú irun tó bá di sókè gogoro, kí wọ́n bá a di pẹlẹbẹ, torí ìdojúbolẹ̀ ló máa wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kó yọ ọ̀dà èékánná. Tó bá jáde tí ojú ẹ̀ wú, ẹ má pariwo, ìdojúbolẹ̀ yẹn ló fà á, ó máa ń lọ. Tí wọ́n bá ní kó má jẹun láti aago báyìí, kó má jẹun ni o, kí ìyá àgbà má lọ fún un ní ẹ̀kọ mímu díẹ̀ pé kí ebi má pa ọmọ.

Ilé náà ẹ tún un tò. Ohun tí ọmọ máa ń lò, kó wà láàárín ìbàdí sí èjìká ẹ̀: aṣọ, búrọ́ọ̀ṣì, bàtà tí kò ní okùn. Mátírẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ ò ṣeé sùn sí, ẹ wá bẹ́ẹ̀dì tó ga dé orúnkún. Tó bá jẹ́ ṣálángá tí wọ́n ń lóṣòó sí lẹ ní, ẹ ra àga tí wọ́n dá ihò sí láàárín, káfíńtà àdúgbò lè kàn án.

Ó lè lo bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan nílé ìwòsàn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sábà máa ń mú un jókòó tàbí dìde, ẹ má ní wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ yín. Oògùn ìrora tó lágbára máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, nítorí náà omi, ìbẹ́pẹ àti oògùn tí wọ́n bá fún un. Ó lè sunkún lásán ní bí ọjọ́ kẹta, ẹ jẹ́ kó sun ún.

Tẹ́ ẹ bá délé, ohun mẹ́ta ni kò gbọ́dọ̀ ṣe títí dókítà á fi sọ: títẹ̀ ẹ̀yìn, gbígbé nǹkan wúwo, yíyí ara lọ́. Ẹ̀ ń rò pé ó rọrùn? Ẹ ka iye iṣẹ́ ilé wa tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn: fífi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, fífa omi ní kànga, fífọ aṣọ nínú báfù, gígún iyán, gbígbé àbúrò pọ̀n. Kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà náà rárá, ojú ọ̀nà wa yìí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìkíni ló tún wá nira jù. Ọmọ Èkìtì tó bá rí àgbà tí kò dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, òun náà á sì tijú, á fẹ́ fi ẹ̀yìn tuntun yẹn dọ̀bálẹ̀ fún àwọn bàbá tó wá kí i. Ẹ̀yin òbí ni kẹ́ ẹ tètè gba ọ̀rọ̀ náà sọ: "Ẹ má bínú bàbá, dókítà ò tíì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ló fi kí yín." Ẹ kọ́ ọ kó dúró tààrà, kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó fọwọ́ sáyà. Àgbà tó gbọ́ á gbàdúrà fún un ni. Ẹ sọ fún pásítọ̀ tàbí ààfáà yín náà ṣáájú.

Ìrìn ni eré ìdárayá ẹ̀ báyìí. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún lójúmọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kó tó kan òkè, òkè ò sì wọ́n ní ìpínlẹ̀ yìí. Egbò gbọ́dọ̀ gbẹ, kò sí wíwọ inú omi. Ẹnì kan ti bi mí bóyá omi gbígbóná Ìkógòsì ò ní jẹ́ kó tètè san. Rárá o! Ó di ìgbà tí egbò bá jiná tán tí dókítà sì sọ pé ó yá.

Tó bá ní ibà, tí egbò ń ṣomi tàbí tó ń rùn, tí ẹsẹ̀ kú tàbí tí kò lágbára, tí kò lè tọ̀ tàbí tí ìtọ̀ ń já bọ́ láìmọ̀, tí iṣan ẹsẹ̀ kan wú tó sì ń dùn ún, tàbí tí mímí ń nira, ẹ má dúró dàárọ̀, ẹ gbé e lọ lóru yẹn.

Ó lè tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó padà sílé ìwé. Ẹ ra ìwé méjì méjì tí agbára bá wà, ọ̀kan nílé ọ̀kan ní kíláàsì, kó má ru báàgì.

Ní ti pápá, bí ọ̀pọ̀ dókítà ṣe ń tò ó nìyí, ti ọmọ yín lè yàtọ̀: sísáré jẹ́jẹ́ ní bí oṣù mẹ́ta, ìbẹ̀rẹ̀ eré gidi tí ara ò ti ń kan ara ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, bọ́ọ̀lù àti ìjàkadì níbi tí wọ́n ti ń gbá ara wọn ṣubú, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ọmọ á ga sí i ní kété tí ẹ̀yìn bá tọ́, ìgbésẹ̀ ẹ̀ á yàtọ̀, nítorí náà ẹ má fi àkókò tó ń sá tẹ́lẹ̀ dá a lóró. Títí di ìgbà yẹn, mi ò gbà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú tíìmù. Ẹ fún un ní aago kó máa ka àkókò àwọn tó kù, kó jókòó pẹ̀lú wọn, kó wọ jẹ́sì. Èyí tí wọ́n bá yọ kúrò ló máa ń yọ́ lọ sáré lẹ́yìn ilé ní ìdájí.

Tó bá bi yín bóyá òun ṣì lè ṣe é, ẹ sọ fún un nípa Stacy Lewis, ará Amẹ́ríkà tó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó wọ bírésì fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wá fi irin kan àti síkúrúù 5 sí i lẹ́yìn, ó sì di nọ́ḿbà kìíní láyé lọ́dún 2013. Usain Bolt náà ní scoliosis, àmọ́ ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ pé tiẹ̀ ò dé ibi irú iṣẹ́ abẹ yìí.

Lọ́jọ́ tí dókítà bá fún un láyè, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kó dárúkọ eré kọ̀ọ̀kan tó lè ṣe àti èyí tó kù. Ẹ fún tíṣà géèmù ní ẹ̀dà kan, ẹ tọ́jú ọ̀kan sílé, torí ọmọ yín á wá bá wa ní pápá, á ní, "Sà, dókítà ní kò sí wàhálà."